Fáìlì tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ̀: Àyẹ̀wò Àpótí "Open With" láti Windows 95 títí dé Windows 11

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣàgámù tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè mọ̀ pé iṣẹ́ gan-an kọ́ ni ó ń jẹ àkókò jù. Fáìlì tí oníbàárà mú wá tí ẹ̀rọ kò mọ ohun tí yóò fi ṣí i ni. A ó tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n dípò kí ìwé tàbí àwòrán jáde, àpótí kan ni yóò yọ sójú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa bi wá léèrè pé kí ni a fẹ́ kí òun fi ṣí i. Àpótí yìí, tí à ń pè ní "Open With" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń yẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí fóònù wò, nítorí pé ọjà ni òun náà, àwọn tí wọ́n ṣe é ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, gbogbo àtúnṣe náà ni ó sì kan àwa tí a ń jókòó tì í láti àárọ̀ di alẹ́.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo gbé gbogbo wọn yẹ̀ wò ni pé ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà ti yí padà, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, bọ́tìnnì rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an, ìyẹn irú fáìlì tí ó wà níwájú wa, Windows kò fi í sínú àpótí náà rí. Ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ṣílẹ̀kùn fún àlejò, tí ó wá sáré wọlé láti bi ọ̀gá rẹ̀ pé yàrá wo ni kí òun mú àlejò lọ, tí kò sì sọ ẹni tí àlejò náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ó rí i lójúkojú. Kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tí fáìlì jẹ́. Èmi yóò fi bí ó ṣe lè mọ̀ ọ́n hàn nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Láti ìgbà DOS, ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, ni Microsoft ti ń fi orúkọ fáìlì mọ irú rẹ̀. Orúkọ náà kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 8 lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni dọ́ọ̀tì, lẹ́yìn dọ́ọ̀tì ni lẹ́tà 3 tí à ń pè ní extension. Kò sí àpótí ìbéèrè kankan nígbà náà: ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé ni yóò kọ́kọ́ pe ètò tí wọ́n fi kọ ọ́, tí yóò sì wá ìwé náà láti inú ètò yẹn. Windows 3.1, tí ó jáde ní 1992, ní àkójọ kan nínú fáìlì WIN.INI tí ó so extension kọ̀ọ̀kan mọ́ ètò kan. Bí extension kan kò bá sí nínú àkójọ náà, ẹ̀rọ yóò sọ pé kò sí ètò tí a so mọ́ fáìlì yìí, pé kí a lọ yan "Associate" láti so ó. Èsì náà le, kò sì rọrùn fún ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Windows 95, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, ni ó sọ èsì yìí di ìbéèrè. Àpótí tí ó yọ jáde ní orúkọ fáìlì náà lókè, ó ní àkójọ àwọn ètò tí ó wà lórí ẹ̀rọ, ó ní bọ́tìnnì "Other" fún ẹni tí kò bá rí ohun tí ó ń wá, ní ìsàlẹ̀ ni ó sì ní àpótí kékeré kan tí a lè fi àmì sí láti sọ pé ètò yìí ni kí ẹ̀rọ máa lò títí. Mo gba ti àkójọ náà títí di òní. Gbogbo rẹ̀ wà lójú kan ṣoṣo, kò sí ìpolówó ọjà, kò sì sí ètò kan tí wọ́n gbé sókè ju èkejì lọ.

Ohun kan wà nínú àpótí 1995 yìí tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Lókè àkójọ ètò náà, ààyè funfun kan wà tí ó ní kí a kọ àpèjúwe irú fáìlì náà síbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ẹni tí ó tẹ fáìlì nítorí pé kò mọ ohun tí ó jẹ́ ni ẹ̀rọ ń sọ fún pé kí ó kọ ohun tí ó jẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe é gbà nígbà náà pé ó yẹ kí àpèjúwe wà nínú àpótí yìí. Àṣìṣe wọn ni pé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n yọ ààyè náà kúrò, wọn kò sì fi àpèjúwe tiwọn rọ́pò rẹ̀ nínú àpótí tí a ti ń yan ètò.

Àpótí kékeré tí a ń fi àmì sí yẹn yẹ fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé òun ni ó fa wàhálà jù lọ ní ilé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lo ẹ̀rọ kan náà. Ní Windows 7, àmì ti máa ń wà nínú rẹ̀ kí ènìyàn tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá kàn fẹ́ wo ohun tí ó wà nínú fáìlì .cdr kan, ìyẹn fáìlì CorelDRAW, ètò tí a fi ń ya iṣẹ́ ìtẹ̀wé, tí ó sì yan Notepad, ètò kékeré tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ lásán, ti sọ gbogbo fáìlì CorelDRAW orí ẹ̀rọ náà di ti Notepad láìmọ̀: àwòrán tí ó ń ṣojú fún wọn yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gá rẹ̀ yóò dé, yóò sì rò pé iṣẹ́ òun ti bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn àmì ìkúrú ojú kọ̀ǹpútà, ìyẹn àwọn fáìlì .lnk, ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, gbogbo ètò orí ẹ̀rọ ni yóò máa ṣí sínú ètò kan ṣoṣo. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti nu gbogbo Windows kúrò tí wọ́n sì fi tuntun sí i nítorí èyí nìkan, tí wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ohun tí ọwọ́ lè tú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kò yẹ kí ó ná ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Windows XP jáde ní 2001, ọdún náà gan-an tí fóònù GSM dé Nàìjíríà, bí ó sì ti kan ọ̀rọ̀ fáìlì tí ẹ̀rọ kò mọ̀, òun ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù nínú ìdílé Windows. Àpótí rẹ̀ ní ìpele méjì. Ìpele kìíní sọ pé Windows kò lè ṣí fáìlì yìí, ó dárúkọ fáìlì náà, ó sì fi kún un pé kí òun tó lè ṣí i, òun ní láti mọ ètò tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọ̀nà méjì kalẹ̀: kí ẹ̀rọ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wádìí, tàbí kí ènìyàn yan ètò fúnra rẹ̀ láti inú àkójọ. Ọ̀nà kìíní ni wọ́n máa ń yàn sílẹ̀ fún wa, ó sì ń lọ sí ojúewé Microsoft kan tí ó ń kọ orúkọ irú fáìlì náà, extension rẹ̀, àti àwọn ètò tí ó lè ṣí i.

Ojúewé yẹn ni mo kà sí iṣẹ́ rere jù lọ tí Microsoft ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ibi tí wọ́n gbé e sí kò bá wa mu. Ní àkókò náà, àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ilé íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní cybercafé ni ènìyàn ń lọ, tí yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ìṣẹ́jú díẹ̀, tí yóò sì fi sùúrù dúró kí ojúewé kan jáde. Ẹ̀rọ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì yóò gbìyànjú, yóò kùnà, a ó sì padà sí àkójọ. Àkójọ orúkọ àwọn irú fáìlì yẹn ìbá ti wọ inú disiki XP fúnra rẹ̀ láìgba ààyè púpọ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, extension nìkan ni ojúewé náà ń wò, kò wo inú fáìlì, nítorí náà bí ẹnì kan bá ti yí orúkọ fáìlì padà, ìdáhùn tí kò tọ́ ni yóò fún wa.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjagun ni wọ́n fi àbùkù àpótí XP yìí hàn wá yékéyéké. Nígbà tí Office 2007 dé, Word bẹ̀rẹ̀ sí í fi .docx pamọ́ dípò .doc, àwọn tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà tuntun nílé sì ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá sí ilé iṣẹ́ tí ó ṣì ń lo Office 2003. Àpótí "Windows cannot open this file" yóò yọ, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní kí a fi Word ṣí i, Word yóò ṣí i, àwọn àmì rúdurùdu ni yóò sì kún ojúewé. Microsoft gbé ètò ọ̀fẹ́ kan jáde tí ó ń jẹ́ kí Word àtijọ́ lè ka .docx, ṣùgbọ́n àpótí náà kò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn kò lè mọ̀ pé ó wà. Ìlà kan ṣoṣo ìbá ti tó: "Ìwé Word 2007 ni èyí, Word tí ó wà lórí ẹ̀rọ yìí kò tíì lè kà á." Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò bá tí pàdánù ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n fi ìwé wọn sílẹ̀.

Kí a tó kúrò lórí àwọn Windows àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ju ìrọ̀rùn lọ. Láti Windows 95 ni Microsoft ti pinnu pé kí ẹ̀rọ máa fi extension pamọ́ fún fáìlì tí ó bá ti mọ̀, kí ojú ènìyàn má baà rí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, fáírọ́ọ̀sì kan tí ó ti ilẹ̀ Philippines jáde gba ọ̀nà yìí wọ àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Orúkọ fáìlì tí ó wà nínú ímeèlì rẹ̀ ni LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Nítorí pé Windows fi .vbs pamọ́, ohun tí ènìyàn rí kò ju lẹ́tà ìfẹ́ tí ó parí sí .TXT lọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibi rẹ̀, ó ba àwọn fáìlì àwòrán jẹ́, ó sì ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àdírẹ́sì tí ó bá pàdé. Ẹ̀rọ tí ó ń fi orúkọ nìkan dá fáìlì mọ̀, tí ó tún wá fi apá tí ó ṣe pàtàkì jù nínú orúkọ náà pamọ́ fún olówó rẹ̀, ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó dáàbò bò. Ó dùn mí pé bí Windows 11 ṣe ń wá láti ilé iṣẹ́ títí di òní nìyẹn.

Ti Macintosh kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí pé kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ó yẹ kí a mọ̀, síbẹ̀, pé Apple ti fi ọ̀nà mìíràn hàn láti 1984. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì lẹ́tà 4 méjì tí kò sí nínú orúkọ rẹ̀: ọ̀kan ń sọ irú fáìlì tí ó jẹ́, èkejì ń sọ ètò tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ènìyàn lè yí orúkọ padà bí ó ti wù ú, ẹ̀rọ kò ní ṣì í mọ̀. Àmọ́ àwọn àmì náà máa ń sọnù bí fáìlì bá ti gba orí ẹ̀rọ mìíràn tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Láti 2001 tí Mac OS X dé ni Apple ti ń tẹ̀ sí ọ̀nà extension, nígbà tí ó sì di 2009, Mac OS X 10.6 kò wo àmì ètò tí ó ṣẹ̀dá fáìlì mọ́. Àpótí Mac ti òde òní sọ gbangba pé kò sí ètò tí a yàn láti ṣí ìwé yìí, ó sì ní kí a wá ọ̀kan ní App Store tàbí kí a yan èyí tí ó wà nílẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ìwé náà jẹ́.

Windows 8, ní 2012, ni ó da ìbéèrè náà pọ̀ mọ́ ọjà. Dípò ojúewé tí ó ń ṣàlàyé, ohun tí a rí ni "Look for an app in the Store". Windows 10 tẹ̀ lé e ní 2015, Windows 11 sì tẹ̀ lé wọn ní 2021, ìlà ilé ìtajà náà kò sì kúrò. Mo wò ó gẹ́gẹ́ bí oníbàárà ṣe ń wò ó: ẹni tí kò mọ ohun tí fáìlì .cdr jẹ́ ni wọ́n rán lọ sí ọjà tí àwọn áàpù tí kò mọ ẹni tí ó ṣe wọ́n ti ń pè é, tí òmíràn ń gba owó, tí òmíràn kún fún ìpolówó. Kò sí ìlà kan tí ó sọ fún un pé iṣẹ́ CorelDRAW ni fáìlì yìí, pé kí ó ní kí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sọ ọ́ di PDF.

Mo gbọ́dọ̀ yin ohun méjì kan. Láti Windows 8, ètò kan kò lè dá fi ara rẹ̀ ṣe olórí fáìlì mọ́ bí a bá ṣe fi í sórí ẹ̀rọ, nítorí pé Windows ń fi àmì àṣírí kan dáàbò bo ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yàn. Ṣáájú ìgbà náà, gbogbo ètò orin tàbí ti fídíò tí a bá fi sórí ẹ̀rọ ni ó máa ń gba fáìlì mọ́ èkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Èkejì ni pé àpótí Windows 11 ti tú àmì tí mo ṣàròyé lé lórí ká sí bọ́tìnnì méjì, "Always" àti "Just once", irú èyí tí àwọn tí ń lo fóònù Android ti mọ̀ tipẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó kàn fẹ́ yọjú wo inú fáìlì yóò tẹ "Just once", kò sì ní sí ohun tí yóò bàjẹ́. Bí mo bá ní kí n fi ẹ̀yà kan lé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, èyí ni n ó fi lé e lọ́wọ́ nítorí bọ́tìnnì méjì yìí nìkan.

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń múra Ojúde Ọba, ni ọ̀ràn yìí máa ń le jù ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí pé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó fẹ́ bánà, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò, àwọn ọmọ wọn tí ó wà lókè òkun ni wọ́n sì ń fi àwòrán ránṣẹ́. Ìyá kan láti inú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà mú fláàṣì wá sí ilé iṣẹ́ wa. Fáìlì tí ó wà nínú rẹ̀ parí sí .HEIC, ẹ̀rọ tí mo fi í sí ń lo Windows 7, àpótí náà sì yọ.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín ni ó bàjẹ́ ni?"

"Rárá o, Mọ́mì. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Irú àwòrán tí iPhone máa ń yà ni, ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ ọ́n."

"Àwòrán mà ni. Mo rí i lórí fóònù ọmọ mi pẹ̀lú ojú ara mi."

"Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ẹ bá mi pè é kí ó tún un fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí àwòrán, kí ó yan HD, kó má fi í ránṣẹ́ bíi document."

Ọ̀rọ̀ ìyá náà tọ̀nà. Àwòrán ni, ó sì yẹ kí ẹ̀rọ lè sọ pé àwòrán ni. Láti 2017, pẹ̀lú iOS 11, ni iPhone ti ń fi HEIC pamọ́ àwòrán nítorí pé kì í gba ààyè tó JPEG. Windows 7 kò ní ohunkóhun láti fi ṣí i, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 7 dúró ní oṣù kìíní ọdún 2020. Lórí Windows 10, Photos ni ó máa ń gbìyànjú láti ṣí i, tí yóò sì ní kí a lọ gba àfikún kan ní ilé ìtajà. Àfikún tí a ń pè ní HEIF jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ń pè ní HEVC, tí àwọn àwòrán wọ̀nyí nílò pẹ̀lú rẹ̀, ń gba sẹ́ǹtì 99 ti Amẹ́ríkà. Owó náà kéré, àmọ́ káàdì tí yóò san dọ́là kò sí lọ́wọ́ gbogbo oníṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹni tí ó ní iPhone lè gba gbogbo wa sílẹ̀ bí ó bá lọ sí Settings, Camera, Formats, tí ó sì yan "Most Compatible". Láti ìgbà náà, JPEG ni fóònù rẹ̀ yóò máa yà.

Fóònù Android tí púpọ̀ nínú wa ń lò kò sàn jù. Bí kò bá rí áàpù tí ó bá fáìlì mu, yóò sọ pé kò sí áàpù tí ó lè ṣí i, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Oníbàárà yóò sì gbà pé fáìlì náà ti bàjẹ́.

Mo ti sọ pé kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tí fáìlì jẹ́, ibi tí ẹ̀rí wà nìyí. Ọ̀pọ̀ irú fáìlì ni ó ní àmì ìdánimọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi Notepad ṣí fáìlì PDF, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni %PDF. Ẹ fi í ṣí fáìlì ZIP, PK ni ẹ ó rí, ìyẹn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Phil Katz tí ó ṣẹ̀dá irú fáìlì náà. Ìwé .docx náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, nítorí pé ZIP tí wọ́n di ohun púpọ̀ sínú rẹ̀ ni ó jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fáìlì CorelDRAW láti ẹ̀yà X4. Àwọn .cdr tí ó ṣáájú ìyẹn ń fi RIFF bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń dá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ti dàrú mọ̀ nìyí: mo máa ń ṣí Notepad fúnra rẹ̀, n ó sì wọ́ fáìlì náà sínú rẹ̀, kí àpótí ìbéèrè má baà yọ rárá. Ohun tí ojú mi lè kà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ó yẹ kí ẹ̀rọ lè kà á.

Ẹ̀rọ mìíràn ń kà á. Lórí Unix, ètò àtijọ́ kan tí ó ń darí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí Windows, àṣẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ file, tí ó ń wo inú fáìlì tí ó sì ń sọ irú rẹ̀, láti ìgbà tí Windows kò tíì sí. Tábìlì GNOME, ìyẹn ojú iṣẹ́ tí Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè lò dípò Windows, ń lò, jogún ọgbọ́n yìí. Bí a bá yọ .pdf kúrò lára orúkọ ìwé PDF kan, Windows yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè, ṣùgbọ́n GNOME yóò wo inú rẹ̀, yóò rí %PDF, yóò sì ṣí i wẹ́rẹ́. Bí kò bá sí áàpù tí ó lè ṣí fáìlì kan, ìkéde rẹ̀ máa ń dárúkọ irú fáìlì tí ó jẹ́ ní ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè yé, kí ó tó béèrè bóyá kí òun wá áàpù fún un. Àwọn ẹ̀yà GNOME 2 tilẹ̀ ní ìkìlọ̀ kan tí ó sọ pé orúkọ fáìlì yìí fi hàn pé ohun báyìí ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ fi hàn pé ohun mìíràn ni, kí a má ṣe ṣí i bí a kò bá mọ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Ó dùn mí pé wọ́n yọ ìkìlọ̀ yẹn kúrò nígbà tí ó yá. Òun gan-an ni ó yẹ kí ó wà lójú ẹni tí ó fẹ́ tẹ lẹ́tà ìfẹ́ ọdún 2000.

Nítorí náà, GNOME ni mo fi ṣe èkínní, Windows XP ni èkejì nítorí ojúewé rẹ̀ tí ó ń ṣàlàyé, Windows 11 ni ẹ̀kẹta nítorí bọ́tìnnì rẹ̀. N kò lè ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi Windows sílẹ̀, nítorí pé CorelDRAW ni a fi ń jẹun, kò sì sí ẹ̀yà rẹ̀ fún Ubuntu. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi Ubuntu sórí fláàṣì kan, kí ó sì tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀ láìfọwọ́ kan Windows tí ó wà nínú ẹ̀rọ, kí ó máa fi í dá àwọn fáìlì tí ó ta kókó mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹni tí kò bá sì fẹ́ ṣe èyí, kí ó kéré tán jẹ́ kí Windows máa fi gbogbo orúkọ fáìlì hàn án. Lórí Windows 11, ẹ ṣí fódà kan, ẹ tẹ View, lẹ́yìn náà Show, kí ẹ sì fi àmì sí "File name extensions". Lórí Windows 10, inú View lókè fódà ni àpótí náà wà. Lórí Windows 7, ẹ lọ sí Organize, "Folder and search options", View, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú "Hide extensions for known file types". Ẹ ṣe é lórí gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé iṣẹ́ yín, pàápàá èyí tí àwọn oníbàárà máa ń ki fláàṣì wọn bọ̀.